Ẹ Gbé Kpayo Kúrò Nínú Ìgò Omi



Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méjì. Kò sí ohun tó wà nílé ìdáná tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ "gbì!" Kí n tó yíjú, ó ti da igbá èlùbọ́ bo ara rẹ̀, òun àti adìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ nà án, ìyá ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ọmọ tí kì í da nǹkan nù, ara rẹ̀ ni kò yá." A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Bàbá rẹ̀ ra kpayo sínú ìgò omi, ó gbé e sábẹ́ tábìlì de alùpùpù. Ọmọ ti ṣí ìdérí, ó ti gbé e dé ètè kí n tó já a gbà. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn kan ní kí ìyá máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lórí ìkòkò kò lè wà lẹ́yìn ọmọ. Àwọn àgbà ní ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ta ló kọ́ ọmọ pé mímu ni ohun tó wà nínú ìgò omi? Àwa náà ni. Sódà tí a fi ń se ọṣẹ ńkọ́? Tó bá ti yọ́, ó jọ omi lásán, bẹ́ẹ̀ ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun.

Gbogbo wa la dárò nígbà tí iná kpayo pa èèyàn tó lé ní 30 ní Sèmè-Kraké, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ti ọmọ kan ṣoṣo nílé ìdáná kì í dé orí rédíò.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá gbé e wọlé ni kó wá ibi tí yóò gbé e sí: nínú kẹ́ẹ̀gì tí a kì í fi mu omi, kí ìdérí rẹ̀ le, kó jìnnà sí iná, kí ọwọ́ ọmọ má tó o.

Bí ọmọ bá sì ti mu ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì. Kpayo tó bá ń padà bọ̀ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Sódà á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn kíá.

Èlùbọ́ tó dà nù, a ó tún òmíràn lọ̀. Ìgò kpayo tiyín dà báyìí? Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.