Ta Ló Ní Kí Wọ́n Tú Àpò Wa?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ọ̀rọ̀ àpò la fẹ́ sọ. Ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró lójú títì, á tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹni, á ní, "Tú u!" Kò ní sọ ohun tó ń wá. Bí awakọ̀ bá béèrè, ó di pé ó ń dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́. Páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ní gáréèjì, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á. Àpò ata á dà sílẹ̀, awakọ̀ ni ẹlẹ́rù yóò sì bá jà lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òfin bó ṣe wà. Ẹni tó bá ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ tú ẹrù láéláé ń tàn yín jẹ ni. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 gbà kí wọ́n dá ènìyàn tàbí ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ìwé àṣẹ adájọ́, bí wọ́n bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura pé ẹrù olè tàbí ohun èèwọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. A kì í tú àpò tán ká tó máa wá ìdí tí a fi tú u. Òfin yìí kan náà sọ pé ọjọ́ orí ènìyàn, irun orí rẹ̀ tàbí aṣọ tó wọ̀ kò tó ìdí. Ta wá ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ mẹkáníìkì?

Ọlọ́lá tó gbé àpótí aláwọ sẹ́yìn mọ́tò ńlá ń kọjá, "Sà" ni wọ́n ń kí i. Àwa tí a fi ọ̀rá gbé abọ́ oúnjẹ la di ọ̀daràn. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Ross, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fún ọlọ́pàá láyè láti tú àpò inú ọkọ̀ bí ìdí gidi bá wà. Síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó fi àpò bébà tàbí ìborùn di ẹrù rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá tó ti báàgì rẹ̀ pa. Ìdájọ́ wọn kò de ilé-ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n abala 37 òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, tó dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, kò yọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. (Ti ẹ̀ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ yàtọ̀, ọlọ́pàá kọ́, a ó kọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.)

Àwa náà jẹ̀bi o. Kí wọ́n má baà ṣí tápólì, a ti ki owó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè. Owó yẹn ló sọ títú ẹrù di òwò. Ẹni tó ń wá ìbọn lóòótọ́ kì í gba owó kó má wò ó mọ́. Mélòó sì ni ọkọ̀ tó kó ìbọn tó ti sanwó kọjá níwájú wa?

Nípàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ̀ka wa fẹnu kò lórí èyí: kò sí owó fún àìtú ẹrù. Kí awakọ̀ fi sùúrù béèrè pé, "Ọ̀gá, kí lẹ fura sí?" Kó má bá oníbọn wọ̀yá ìjà, kó má sì kúrò nídìí ẹrù rẹ̀. Kó kọ orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá náà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago, kó kó o fún akọ̀wé ẹ̀ka. Owó ẹgbẹ́ tí à ń san lóṣooṣù ni kí a fi wá agbẹjọ́rò.