Àkọlé Ara Ìgò Kò Tó Ẹ̀rí

Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá da purotéènì tí bakitéríà ṣe sórí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, tó wá kọ ohun tó rí láìsọ iye endotoxin, ìyẹn májèlé ara bakitéríà, tó wà nínú purotéènì náà, kí jọ́nà dá iṣẹ́ náà padà fún un. Ibi tí ìwé ìròyìn yìí dúró sí nìyẹn, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin.

Ẹ jẹ́ ká fi sáítókáìnì ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì inú ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn nígbà tí àrùn bá wọlé. Interferon wà lára wọn. Alick Isaacs àti Jean Lindenmann ṣàwárí rẹ̀ ní London lọ́dún 1957, ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ó wọ́n bí ojú. Nínú ẹ̀jẹ̀ táwọn èèyàn fi tọrẹ ní Finland ni Kari Cantell ti ń yọ ọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó rí bíńtín. Lọ́dún 1980 ni Charles Weissmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich kéde pé àwọn ti fi àbùdá interferon èèyàn sínú bakitéríà E. coli, ó sì ń bá wọn ṣe é. Lónìí, láàbù tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra sáítókáìnì èèyàn nínú ìgò kékeré, ní gbígbẹ bí ìyẹ̀fun. Àǹfààní ńlá ni, a ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àmọ́ endotoxin, májèlé tó wà lára awọ E. coli, máa ń bá purotéènì jáde nígbà tí wọ́n bá fọ́ bakitéríà náà. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fọ̀ ọ́, síbẹ̀ díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Ooru 121°C tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pa bakitéríà, kò ran endotoxin. Ìgò gíláàsì ní láti wà nínú ààrò gbígbẹ ní 250°C fún ìṣẹ́jú 30 kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bíńtín rẹ̀ ti tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì tú TNF jáde, ìyẹn sáítókáìnì tó ń fa ibà àti ara wíwú.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìwé ìwádìí ń jáde pé HSP70, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe nígbà ìnira, lè fúnra rẹ̀ mú kí TNF tú jáde. Lọ́dún 2003, Baochong Gao àti Min-Fu Tsan gbé èsì tiwọn jáde nínú Journal of Biological Chemistry. Wọ́n lo HSP70 èèyàn tí endotoxin inú rẹ̀ kéré gan-an, sẹ́ẹ̀lì eku kò dáhùn. Endotoxin ló ṣiṣẹ́, HSP70 ló gba ìyìn. Àríyànjiyàn lórí HSP70 kò parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbára lé èsì àkọ́kọ́ ní láti padà sẹ́yìn.

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ tó ta purotéènì ti yẹ endotoxin inú rẹ̀ wò, iye rẹ̀ sì wà lára ìgò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé endotoxin kò tó EU 1 nínú máíkírógíráàmù kan. EU 1 jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nánógíráàmù. Ẹni tó lo nánógíráàmù mẹ́wàá péré nínú mìlílítà kan kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo máíkírógíráàmù mẹ́wàá, endotoxin lè súnmọ́ nánógíráàmù kan, ìyẹn sì tó láti ta sẹ́ẹ̀lì jí. Àkọlé kò purọ́, ìlò ló yàtọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi àti ike inú láàbù fúnra wọn lè kó endotoxin wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ìgò.

Lóòótọ́, àyẹ̀wò ń náni lówó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ń lo ẹ̀jẹ̀ Limulus, ẹranko òkun kan tó jọ akàn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dì bí endotoxin bá kàn án. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn fi lé òjìji kiri fún ọdún mẹ́ta ju owó àyẹ̀wò lọ, pàápàá ní Nàìjíríà níbi tó jẹ́ pé òkè òkun la ti ń ra irú ìgò yìí.

Nítorí náà, kí olùwádìí yẹ ọjà wò bó ṣe máa lò ó gan-an, kí ó sì kọ iye tó rí síta. Kí àwọn tó ń fún wọn lówó, TETFund pẹ̀lú, ka owó àyẹ̀wò náà mọ́ owó iṣẹ́. Olóòtú jọ́nà tó bá gba iṣẹ́ tí kò sọ iye endotoxin rẹ̀ ti pín nínú ẹ̀bi èsì tí kò bá dúró.