Kámẹ́rà Kì í Ṣe Adájọ́

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo ti iléèwé dé, mo bá màmá mi níwájú ilé, ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun alùpùpù ló gbé e wá. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ibì kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá mi mọ Yorùbá kà dáadáa. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní a, b, d kí n tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀. Ohun tí màmá mi rí kà níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: orúkọ wọn, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, àti ₦20,000.

Èmi ni mo ka ìyókù fún wọn. Lẹ́tà náà ní kámẹ́rà kan tó wà ní oríta nítòsí ọjà ti ya àwòrán ọkọ̀ wọn níbi tó ti kọjá nígbà tí iná pupa ń tàn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n san owó ìtanràn náà láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó náà yóò lé sí i. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Ẹ̀yìn Sienna wa ni, èyí tí màmá mi fi ń kó èlùbọ́ lọ sọ́jà. Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn, iná pupa náà sì hàn. Bí mo ṣe wo ọjọ́ àti aago tó wà lára àwòrán náà ni mo rántí. Mo wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni mo jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Iná pupa dá wa dúró, màmá mi sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìlà funfun. Láìpẹ́, a gbọ́ igbe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lẹ́yìn wa. Ọlọ́pàá kan tó ń darí ọkọ̀, irú àwọn tí àwọn awakọ̀ ń pè ní “yẹ́lò fífà” nítorí aṣọ wọn, wà láàárín oríta. Ó na ọwọ́ kan sí àwọn tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pé kí wọ́n dúró, ó sì fi ọwọ́ kejì pè wá. Màmá mi kò tètè lọ, wọ́n ń wo iná. Ọkùnrin náà pariwo pé, “Ẹ máa bọ̀, màmá! Ẹ máa bọ̀!” A kọjá, a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ aláìsàn náà sì ráyè lọ.

Nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ti gé e kù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa àti iná pupa. Kámẹ́rà náà kò parọ́ o. Iná pupa ni lóòótọ́, a sì kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, àwọn tó kọ lẹ́tà sì fi ìdajì ọ̀rọ̀ náà dá ẹjọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò yọ ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú òwe yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìmọ̀ràn pọ̀ ní ilé wa. Onílé wa ní, “Ṣé ìjọba lẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́? Ẹ sanwó kí ọkàn yín balẹ̀.” Àbúrò bàbá mi ní kámẹ́rà kì í ṣe ojúsàájú, ohun tó bá rí ló ń sọ. Aládùúgbò kan rọra pe màmá mi sí kọ̀rọ̀, ó ní òun mọ ẹnì kan tí yóò gba ₦5,000, tí yóò sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ pátápátá. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn wa. Síbẹ̀, gbogbo wọn ni mo fẹ́ bá jiyàn nínú àròkọ yìí, nítorí irú ìmọ̀ràn báyìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ wa jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ní kámẹ́rà dára. Mo gbà pẹ̀lú yín. Mo ti rí ọlọ́kadà tó já iná pupa níwájú iléèwé wa nígbà tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń sọdá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ ojú pópó, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó léwájú nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹni tó bá já iná pupa láìnídìí, kí ó san owó ìtanràn, kí ó san án pé. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń gbé kámẹ́rà kọ́. Ènìyàn ló ń pinnu iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná yẹ́lò yóò fi tàn kí pupa tó dé. Ènìyàn ló ń yan àwòrán tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Ibi tí ènìyàn bá sì ti fọwọ́ kàn, àṣìṣe lè wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú lẹ́tà yìí ti ń dé sí ilé àwọn ènìyàn láti ọdún pípẹ́, wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Beaverton ní ìpínlẹ̀ Oregon, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mats Järlström gba irú lẹ́tà náà ní 2013. Ọkùnrin yìí kò pariwo lásán. Ó jókòó, ó ṣírò bí iná yẹ́lò ṣe yẹ kó pẹ́ tó, ó sì rí i pé ìṣirò tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́ kò ro ti ọkọ̀ tó ní láti dẹ eré kó tó lè yà. Nígbà tó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn ẹnjiníà ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n bu owó ìtanràn $500 lé e, wọ́n ní kò ní ìwé àṣẹ láti pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 2018. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrìnnà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ITE yí ìlànà ìṣirò náà padà. Ká ní ọkùnrin yẹn ti dákẹ́ ni, àṣìṣe náà lè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kámẹ́rà kì í gba ẹ̀gúnjẹ, òótọ́ ni, kì í gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó rà á lè gbà á. Ní Chicago, òṣìṣẹ́ ìlú kan tó ń bójú tó ètò kámẹ́rà iná pupa gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta kámẹ́rà fún wọn. Ní 2016, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Ní ti òfin tiwa, mo lọ wo ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, èyí tí olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìjọba máa ń gbé wá sí kíláàsì. Abala 36 ló yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí tí wọn yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ó ní a gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò àti ohun tó nílò láti fi gbèjà ara rẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé a gbọ́dọ̀ tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́. Ní èdè tó gbọ́! Màmá mi gbọ́ Yorùbá. Ìlú tí a ń gbé, Yorùbá ni wọ́n fi ń nájà níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpolongo ìbò. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa ni Gẹ̀ẹ́sì ń dé?

Nítorí náà, màmá mi kò sanwó, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ₦5,000. Wọ́n ní bí wọ́n bá san án, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́ pé arúfin ni wọ́n. Mo bá wọn kọ èsì, a mú un lọ sí ọ́fíìsì tó kọ lẹ́tà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí a kọ́kọ́ sanwó ná, kí a tó wá sọ tẹnu wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Nígbà tí màmá mi sọ pé mo wà níbẹ̀ lójú mi kòró, ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ọmọ yín náà ni ẹlẹ́rìí yín?” Lọ́jọ́ kẹta, a pàdé obìnrin kan tó fi wá sí orí àga. Ó bá màmá mi sọ Yorùbá. A ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ kí a wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fídíò náà kò pé ìdajì ìṣẹ́jú. Ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ. Ọkọ̀ aláìsàn náà wà níbẹ̀. Obìnrin náà wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́n orí, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa, ó ní, “Ẹ máa lọ, mọ́mì. Ẹ má bínú.”

A jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá mi kò fi ṣí ìsọ̀. Èmi náà pa iléèwé jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ìdánwò àṣejáde ti ń kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ro epo ọkọ̀ àti ọjà tí a kò tà pọ̀, kò jìnnà sí ₦20,000 náà. Mélòó nínú àwọn ìyá ọlọ́jà ló ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi ṣòfò? Mélòó ló ní ọmọ tó lè ka lẹ́tà fún wọn? Àwọn yòókù á sanwó, ìwé yóò sì fi hàn pé gbogbo wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí lẹ́tà tó bá ń fẹ̀sùn kan ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkejì, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni náà wo fídíò náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ọ̀rọ̀ má dúró sórí àwòrán kan tí wọ́n ti gé. Ìkẹta, kí ènìyàn kọ́kọ́ wò ó kí wọ́n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, pàápàá bí ọlọ́pàá bá wà ní oríta, nítorí òfin ojú pópó tí à ń kọ́ awakọ̀ ni pé àṣẹ ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ga ju ti iná lọ. Ìkẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún aráàlú mọ́ pé kó sanwó kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, bí lẹ́tà bá dé, ẹ má sáré sanwó, ẹ má sì sáré wá ẹni tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ san án. Bí ẹ kò bá jẹ̀bi, ẹ dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ sí ọ́fíìsì tòótọ́, kí ó má jẹ́ ti ìdánwò nìkan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì, gbèsè ló wà lọ́rùn wa sí àwọn ìyá àti bàbá tó san owó iléèwé wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tún dé oríta yẹn. Iná pupa ń tàn, ọlọ́pàá kan sì ń pè wá pé ká máa bọ̀. Màmá mi kò lọ. Wọ́n gbójú sókè wo kámẹ́rà, wọ́n wo ọlọ́pàá, wọ́n tún wo kámẹ́rà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, wọ́n ń bú wa. Màmá mi bi mí pé, “Èwo ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú méjèèjì?” N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Àwọn tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀ ni kí wọ́n wá dá màmá mi lóhùn.