Ìkòkò tábà Bàbá: ṣé ti àtijọ́ kò léwu tó sìgá ni?

Lẹ́tà kan tó wá láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo fẹ́ fèsì sí lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ilé. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló kọ ọ́. Ó ní bàbá ọkọ òun, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, máa ń fa ìkòkò tábà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ewé tábà tí wọ́n ń tà lọ́jà ni Bàbá máa ń rún sínú rẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ wọn tó wà lókè òkun bá fi ti inú agolo ránṣẹ́. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló máa ń bá wọn mú ẹyin iná wá. Nígbà tí ìyàwó sọ̀rọ̀, Bàbá ní sìgá ló ń pa èèyàn, pé tábà tí àwọn ń fà yìí náà ni bàbá àwọn fà títí tó fi pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ṣé òótọ́ ni?

Ibi tí Bàbá ti gba òótọ́ sọ ni pé tábà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irúgbìn rẹ̀ ti wá, àwọn oníṣòwò òyìnbó ló sì gbé e dé etíkun wa. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Bahia ní Brazil, omi ìrèké tó ki bí oyin ni wọ́n fi ń pa á lára kí wọ́n tó lọ́ ọ bí okùn, wọ́n sì fi ra ẹrú ní Ouidah àti Èkó. Àwọn onímọ̀ tó ń wú ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ti rí àfọ́kù ìkòkò tábà alámọ̀ níbẹ̀. Ní 1933, ilé iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé ìṣe sìgá kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, nítòsí Ìfọ́n níbẹ̀, kí wọ́n tó wá kọ́ èyí tó tóbi sí Ìbàdàn. Tábà inú agolo náà kì í ṣe tuntun. Prince Albert tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1907 ṣì wà lórí àtẹ títí di òní.

Ṣùgbọ́n pé nǹkan pẹ́ kò sọ pé kò léwu. Yálà ewé ọjà ni o, tàbí ti inú agolo, nikotíìnì tó ń sọ èèyàn di ẹrú sìgá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fa ìkòkò kì í gbé èéfín mì bí onísìgá, àmọ́ awọ ẹnu ń fa nikotíìnì náà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìkòkò tábà ń fa jẹjẹrẹ ètè, ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń fi aáṣáà sẹ́nu, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́: kán-ún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn ló ń mú kí nikotíìnì tètè wọ ara.

Ní ti bàbá tó pé àádọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó là á já la rí. Ẹni tí egbò ẹnu tàbí ikọ́ pa ní àádọ́ta ọdún kò sí nílé mọ́ láti jẹ́rìí, àwọn ará ilé rẹ̀ sì lè máa sọ pé ayé ló ṣe é.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ọmọ. Èéfín tábà nínú ilé máa ń fa òtútù àyà, ikọ́ fée àti àrùn etí fún ọmọdé. Ọmọ tó ń mú ẹyin iná lọ lónìí lè tọ́ ọ wò lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sì kọ̀ kí wọ́n ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, nítorí náà, ẹ má rán ọmọ lọ rà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tún gbọ́ èyí. Níbi tí ewé tábà bá wà nílé, ẹnìkan lè ní kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ màlúù fún ọmọ tí gìrì ń gbé. Ẹ má dán an wò! Àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, kì í jẹ́ kó mí dáadáa, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ìyàwó wa, ẹ má bá Bàbá jà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tàbí ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ti jáwọ́ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fà á níta, níbi tó jìnnà sí àwọn ọmọ, kí wọ́n sì máa fúnra wọn ṣáná sí i. Ẹ mú wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bí egbò tàbí àmì funfun tàbí pupa bá wà lẹ́nu wọn tí kò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí dókítà eyín rí i. Inú lè máa bí wọn, oorun sì lè dá lójú wọn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá jáwọ́. Ẹ ní sùúrù, ẹ fún wọn ní orógbó tàbí ẹ̀pà kí ẹnu wọn má ṣófo.

Kò pẹ́ jù fún àgbàlagbà. Wọ́n ṣọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń mu sìgá láti 1951 fún 50 ọdún, wọ́n sì rí i pé ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún ṣì ń fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta lé ẹ̀mí rẹ̀. Bàbá, ọdún mẹ́ta tó láti rí ọmọ yẹn kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilé ìwé girama. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlera lọrọ̀ o.