Àkọlé Ìròyìn àti Pọ́n-na: Àmì Ohùn Nìkan Kò Tó

Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ni ìròyìn ti ń di kíkà ní èdè Yorùbá. Síbẹ̀, títí di òní, àkọlé tí ó ń rú òǹkàwé lójú kò wọ́n. Àìfàmìsọ́rọ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Oríṣi pọ́n-na méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Èkíní ni pọ́n-na àkọsílẹ̀. Bí olóòtú bá kọ 'OKO ADAJO JONA', òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá oko ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ adájọ́ tí ó jẹ́ obìnrin. Àmì yóò yanjú èyí. Bí wọ́n bá sì kà á lórí rédíò, kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú.

Èkejì ni pọ́n-na ìhun, èyí tí àmì kankan kò lè wò sàn:

(1) Ẹ̀sùn alága dé ilé ẹjọ́.
(2) Ọlọ́pàá mú ọmọ olóyè tó jí ẹrù.

Nínú (1), ṣé alága ni ó fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn ni, àbí òun ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn? Nínú (2), 'tó jí ẹrù' lè yán ọmọ, ó sì lè yán olóyè. Baba tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ lè tibẹ̀ di olè lójú aráyé. Ọmọ náà gan-an, ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ka ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn.

Kí olóòtú fi ẹni tí ó ṣe nǹkan ṣe olùwà, kí ó fi ẹni tí wọ́n ṣe é sí ṣe àbọ̀. Bí akápò bá ni ó pe ẹjọ́, kí ó kọ ọ́ pé 'Akápò pe alága lẹ́jọ́'. Ní ti (2), 'Ọlọ́pàá mú ọmọ olóyè lórí ẹ̀sùn olè jíjà' kò fi ọ̀rọ̀ kan baba, kò sì ṣáájú adájọ́ dá ẹjọ́.

Àwọn olóòtú a máa ní àyè kò gbà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó wà nínú (1). Mẹ́rin péré ni ó wà nínú èyí tí ó rọ́pò rẹ̀. Ẹyin lohùn: àtúnṣe tí wọ́n bá tẹ̀ sí ojú-ewé inú lọ́jọ́ kejì kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ka àkọlé nìkan.