ÌLERA LOÒGÙN ỌRỌ̀: Ìwé Àyẹ̀wò Kíndìnrín Kì í Ṣe Ìwé Ikú

    

Lẹ́tà tí mo mú lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, láti Ìlọrá ni ó ti wá. Olùkọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sì ń ta ọsàn ní Fìdítì. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ àwọn, n kò sì ní í dá a. Ohun tí ó kọ nìyí:

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 58. Ó ti tó ọdún 10 tí a ti mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní èṣí, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Ìbàdàn. Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé Creatinine wọn jẹ́ 1.4, eGFR sì jẹ́ 48. Ní oṣù tí ó kọjá, a tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọ̀yọ́. Ìwé kejì yìí ní Creatinine jẹ́ 133, eGFR sì ti di 40. Bàbá, láti 1.4 dé 133! Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo mọ ohun tí mo rí. Ẹkún ni Ìyá ń sun. Aládùúgbò kan sọ fún wọn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò ni ó ba kíndìnrín wọn jẹ́; ó ti di ọjọ́ 13 tí wọn kò lò ó mọ́. Ọkùnrin kan tí ń ta àgbo ní òun yóò fọ kíndìnrín náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n owó tí ó bèèrè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá fi fẹ́ ta ilẹ̀ tí ọsàn wọn wà. Kí ni kí n ṣe?”

Olùkọ́, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí a tó sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà kankan, nǹkan méjì wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Èkíní, mú Ìyá lọ bá dókítà tí ó kọ oògùn wọn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí Ìyá sì padà sídìí oògùn. Èkejì, má jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mú ìwé méjèèjì wá, kí a jọ kà wọ́n. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àìsàn ni ìwé yìí sì ń sọ.

Jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí 133 tí ó já ọ láyà. Wo ẹ̀yìn nọ́ńbà náà dáadáa. Ní ìwé ti Ìbàdàn, mg/dL ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn 1.4. Ní ìwé ti Ọ̀yọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé µmol/L ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn 133. Òṣùwọ̀n méjì ni. Bí ẹnìkan bá fi kóńgò wọn gàrí ní Fìdítì, tí òmíràn sì fi ife kékeré wọn gàrí kan náà ní Ìlọrá, nọ́ńbà ti Ìlọrá yóò pọ̀ ju ti Fìdítì lọ, ṣùgbọ́n gàrí kò lé ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ µmol/L di mg/dL, kí ó fi 88.4 pín in. Olùkọ́ ìṣirò, pín 133 sí 88.4, kí o wo ohun tí yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. 1.5 ni. Láti 1.4 sí 1.5 ni Ìyá lọ, kì í ṣe láti 1.4 sí 133.

Nísinsìnyí, kí ni Creatinine yìí gan-an? Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù, wọ́n wà lẹ́yìn lábẹ́ egungun ìhà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ kéékèèké tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan wà. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, omi tí wọ́n ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 180. Wọ́n á dá èyí tí ó pọ̀ jù padà sára, lítà kan tàbí méjì péré ni a ó tọ̀ dànù. Creatinine jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣan ara wa ń pèsè lójoojúmọ́. Kíndìnrín ni í gbé e dànù. Bí asẹ́ bá ti ń dí, ìdọ̀tí yìí á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí Creatinine bá ń gòkè, iṣẹ́ kíndìnrín ni ó ń relẹ̀.

Ṣùgbọ́n Creatinine nìkan lè tan ni jẹ. Alábàárù tí iṣan rẹ̀ ki pọ́pọ́ yóò ní púpọ̀ rẹ̀, arúgbó tí ó tín-ín-rín yóò ní díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí àwọn asẹ́ kan bá kú, àwọn tí ó kù á fi kún iṣẹ́ tiwọn, bí ìgbà tí alábàárù kan bá ṣàìsàn tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ń ru ẹrù méjì. Kíndìnrín lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ kí Creatinine tó kọjá ibi tí ìwé pè ní dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti Creatinine ṣe ìṣirò kan, tí wọ́n ń pè ní eGFR. Ó ń fojú díwọ̀n iye mìlílítà tí asẹ́ ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó.

Ẹ gé ibi yìí pamọ́, ẹ̀yin òǹkàwé. 90 sókè dára, bí ìtọ̀ bá mọ́. 60 sí 89, ó ti rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá mọ́ tí kò sí àléébù mìíràn, a kò lè pè é ní àrùn. 45 sí 59 ni apá àkọ́kọ́ ìpele kẹta, 30 sí 44 ni apá kejì rẹ̀. 15 sí 29 ni ìpele kẹrin. Bí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ 15, ìgbà náà ni a máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí pípààrọ̀ kíndìnrín. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìwé ọjọ́ kan ṣoṣo pe ènìyàn ní alárùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó gbọdọ̀ ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀. Ibà líle, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìmu omi lè fa nọ́ńbà náà wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wàyí o, 48 tí ó di 40 ńkọ́? Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ìṣirò tí àwọn òyìnbó ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń fi kún nọ́ńbà ẹni tí ó bá jẹ́ dúdú. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2009, ìlọ́po 1.159 ni. Àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń ṣírò kíndìnrín! Èyí sì mú kí kíndìnrín ẹlòmíràn dà bí ẹni pé ó lágbára ju bí ó ti rí lọ. Ní 2021, wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì yọ àwọ̀ kúrò. Síbẹ̀, ilé àyẹ̀wò mìíràn ṣì lè máa lo ti àtijọ́. Mo fi 1.4 àti ọdún 57 ti Ìyá ṣe ìṣirò àtijọ́, 48 ni ó fún mi gẹ́lẹ́. Mo fi ṣe ti tuntun, 44 ni. Mo sì fi 1.5 àti ọdún 58 ṣe ti tuntun, ó di 40. Láti 44 sí 40 ni Ìyá rìn, kì í ṣe láti 48.

Olùkọ́, n kò sọ pé kí o máa rẹ́rìn-ín o. 40 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ó bá ń já mẹ́rin mẹ́rin lọ́dún, kò ní í pé ọdún méje tí yóò fi lọ sísàlẹ̀ 15. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń já ọ̀kan ọ̀kan, yóò tó ọdún 25. Ìyá yóò ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni mo fi ń pariwo. Kò sí ẹni tí yóò fọ kíndìnrín Ìyá mọ́. Asẹ́ tí ó ti di àpá kì í padà di asẹ́. Èyí tí ó kù ni kí a ṣọ́.

Báwo ni a ó ṣe ṣọ́ ọ? Olórí rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Aládùúgbò yín fi ori sọ ìrù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni í máa fọ́ asẹ́, oògùn ni kò jẹ́ kí ó fọ́ tán. Mo mọ ibi tí ó ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn oògùn kan wà, bíi lisinopril àti losartan, tí Creatinine lè gòkè díẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wọn. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni ó fi ń ní kí a padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ohun tí ó fi gòkè kò bá ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọn kì í sábà dá oògùn náà dúró, nítorí pé lẹ́yìn ọ̀la, kíndìnrín ni ó ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ki Ìyá mọ́lẹ̀, kí ẹ tètè bi dókítà bóyá kí wọ́n sinmi oògùn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ tún bi í léèrè nípa oògùn kan tí ń jẹ́ dapagliflozin. Àwọn alátọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n láti 2020 ni a ti mọ̀ dájú pé ó ń fa ọwọ́ àrùn kíndìnrín sẹ́yìn lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ pàápàá.

Àwọn ọ̀tá tòótọ́ nìwọ̀nyí: oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń gbé mì nítorí ẹ̀yìn àti orúnkún, ìpara bíbóra tí ó ní mẹ́kúrì, iyọ̀ àti mágí àpọ̀jù, àti àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní ọdún 2008. Kẹ́míkà olóró kan wọ inú rẹ̀, ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ọmọ 84 ni ó kú. Oògùn inú ìgò tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ni ìyẹn o. Kí ni ká ti wí ti inú ike tí kò ní orúkọ?

Ọsàn ńkọ́? Ẹni tí ń ta ọsàn Fìdítì, ṣé kò ní í fẹnu kàn án mọ́ ni? Rárá. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní èròjà kan tí ń jẹ́ potassium. Kíndìnrín tí ó ti rẹ̀ gan-an kì í lè gbé e dànù tó, bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Wo ìwé Ìyá níbi tí wọ́n kọ K sí. Bí ó bá wà láàárín 3.5 sí 5, kí wọ́n jẹ ọsàn wọn níwọ̀nba. Bí ó bá ga, dókítà ni yóò sọ iye tí wọ́n lè jẹ.

Ohun kan kò sí nínú ìwé méjèèjì: ìtọ̀. Ní kí wọ́n wo albumin inú ìtọ̀ Ìyá. Bí ó bá dín ní 30 mg/g, ó dára. 30 sí 300, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá ju 300 lọ, asẹ́ ń jò gidigidi. Ìtọ̀ tí ń hó bí ọṣẹ tí hóhò rẹ̀ kì í tètè lọ lè jẹ́ àmì rẹ̀.

Ìwọ náà àti àwọn ọmọ ìyá rẹ, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ yẹ ìtọ̀ wò. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ohun àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ní í ṣe pẹ̀lú àrùn kíndìnrín. Irú rẹ̀ kan wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù. Ó ń bá wa ja àrùn sunrunsunrun tí eṣinṣin ń fà, ṣùgbọ́n ó ń sọ kíndìnrín di aláìlágbára. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn tí ó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà, fi hàn pé nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá ẹni tí ó sà sí Ìyá kiri ọjà.

Bí owó bá ń dun Ìyá, ṣe ìṣirò yìí fún wọn. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a sábà máa ń fọ̀ ọ́, ₦36,000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, láìka owó ọkọ̀ láti Fìdítì. Fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti oṣù kan wé e.

Ní ìkẹyìn, ra ìwé kan bí èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ń lò. Fa ìlà sí i. Kọ ọjọ́, ilé àyẹ̀wò, Creatinine pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, eGFR, ẹ̀jẹ̀ ríru, K, àti albumin inú ìtọ̀. Ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ máa lọ. Kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí o sì mú ìwé náà lọ́wọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.

Bá mi kí Ìyá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n nu ojú wọn nù, kí wọ́n padà sídìí ọsàn wọn. Bí ìwé kẹta bá jáde, kọ̀wé sí mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.