Micra Kì í Ṣe Ọkọ̀ Eré Ìje: Ta Ni Yóò San Owó Bíréèkì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni. Ẹni tó bá rò pé èyí kò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó ní sùúrù kí ó kà á dé ìsàlẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Micra jẹ́ ní Ìbàdàn. Láti Challenge dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ gba Mọ́kọ́lá àti Sángo lọ sí Agbowó, láti Bódìjà lọ sí Ring Road, òun ni ẹsẹ̀ wa. Òun ló ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ bí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kò bá dé, òun náà ló ń gbé wa padà bí a bá jáde ní ṣíìfù alẹ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992. Ní 1993 àwọn òyìnbó fún un ní oyè ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Ọkọ̀ rere ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò rò ó rí pé yóò máa gbé ènìyàn mẹ́fà, tí méjì yóò há sórí àga kan níwájú, láti ìdájí títí di òru, lẹ́yìn tó ti lo ogún ọdún láyé.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ dẹ́rẹ́bà kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi bíréèkì tó lágbára jù sí Micra. Kí wọ́n yọ dísìkì kékeré tó bá a wá, kí wọ́n fi ti ọkọ̀ ńlá sí i. Kí wọ́n ra dísìkì onihò. Kí wọ́n kun kálípà ní pupa kí ayé lè rí i. Èmi kò bá wọn wí pé wọ́n ń ronú nípa bíréèkì. Ó tilẹ̀ yẹ kí a yìn wọ́n. Ibi tí wọ́n ti mú àwòkọ wá ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Àwọn ọkọ̀ kékeré kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì líle bọ̀ nínú. Golf GTI tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1976 ní agbára ẹṣin 110. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń pe Micra ní March, Nissan fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ méjì sára ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní 1989, ó sì di agbára ẹṣin 110 òun náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sáré gidi. Ó tọ́ kí ẹni tó ní irú rẹ̀ wá dísìkì ńlá, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì yóò ṣe láti dá a dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Micra tó ń ná Dùgbẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 55 lọ. Ta ló ń bá a sáré?

Kí ló wá ń jó bíréèkì tiwa? Ẹrù ni, òkè sì ni. Ẹ bá mi ṣírò ó. Micra fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 800 kílò. Bí ènìyàn mẹ́fà bá wọ inú rẹ̀, tí a bá ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 70 kílò, 420 kílò nìyẹn, ó lé ní ìdajì ọkọ̀ náà. A kò tíì ka àpò ìrẹsì tí ìyá kan gbé láti ọjà Bódìjà sínú búùtù. Ẹ wá jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ láti òkè Premier Hotel bọ̀ wá sí Mọ́kọ́lá, kí ó máa dúró gbé èrò, kí ó máa dúró já èrò. Bíréèkì kò mọ̀ bóyá eré ìje ló ń dá dúró tàbí àpò ìrẹsì. Gbígbóná ni yóò gbóná.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ. Láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àwọn dẹ́rẹ́bà kan ti sọ ọ́ di àṣà pé bí wọ́n bá ti dé orí òkè, wọ́n á já ọkọ̀ sí fíríì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. N kò ní bú wọn, mo mọ ohun tó ń lé wọn. Ṣùgbọ́n gíà ni bíréèkì kejì. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíà kejì, ẹ́ńjìnnì á máa fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, agbára tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí pẹ́dáàlì yóò tán lẹ́yìn ìtẹ̀ bíi mélòó kan, pẹ́dáàlì á wá le bí òkúta. Èyí tó dùn mí jù ni pé epo tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́, wọn kò ṣọ́ ọ. Micra yìí kì í ṣe ọkọ̀ oníkábúrétọ̀. Bí ó bá wà nínú gíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun fúnra rẹ̀ á dá epo dúró. Fíríì ló ń jẹ́ kí ó máa mu epo.

Nítorí náà, bí owó díẹ̀ bá wọlé, ibo ni kí a kọ́kọ́ ná an sí? Lójú tèmi, táyà ni. Bíréèkì ló ń dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ẹ bá fi bíréèkì tó lágbára jù lọ láyé sórí táyà tó ti pá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á dúró lóòótọ́, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ bá ẹni tó wà níwájú. Ẹ̀yìn táyà, ọ́ìlì bíréèkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230. Bí wọ́n bá ti mu omi tán, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Bí ó bá hó, ó di èéfín nínú páìpù, èéfín kì í sì í ti nǹkan. Pẹ́dáàlì á wọlẹ̀ pátápátá. Ìgbà náà ni ẹ ó gbọ́ tí dẹ́rẹ́bà ń ké pé bíréèkì òun já, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó já. Ẹ lo DOT 4, kí ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Mo mọ àwọn tó ń da omi ọṣẹ sí i, mo mọ àwọn tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí rọ́bà inú másítà wú, kí ó bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó bá gbé irú rẹ̀ dé iwájú yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn. Iwájú Micra ni dísìkì wà, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Nítorí pé a kò rí inú dúrọ́ọ̀mù, a lè lò ó fún ọdún mẹ́ta láìṣí i, kí ó ti máa jò, kí ṣúù ti jẹ tán. Gbogbo iṣẹ́ á wá bọ́ sọ́rùn iwájú.

Ti dísìkì ńlá ńkọ́? Ríìmù 13 ni ọ̀pọ̀ Micra ń lò. Dísìkì tó tóbi kò ní gba inú rẹ̀ àfi bí ẹ bá pààrọ̀ ríìmù, bí ẹ bá pààrọ̀ ríìmù ẹ ó pààrọ̀ táyà. Kálípà ńlá ń fẹ́ ọ́ìlì tó pọ̀ ju èyí tí másítà kékeré ń tì lọ, nítorí náà pẹ́dáàlì á máa jìn. Ní ti onihò, ihò náà ni dísìkì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ooru bá pọ̀. Pẹ̀lú iye owó tí wọ́n fẹ́ ná sórí ìyẹn, wọ́n lè ra dísìkì tuntun tó jẹ́ ti Micra gan-an, páàdì gidi, rọ́bà páìpù tuntun àti ọ́ìlì, kí ó sì tún ṣẹ́kù. Kí wọ́n tó gbà kí tọ́nà fá dísìkì àtijọ́, kí wọ́n wo ara rẹ̀: wọ́n sábà máa ń tẹ iye tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù síbẹ̀. Èyí tó bá ti fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin àlòkù ni.

Páàdì ni ó ṣòro láti yàn jù, nítorí ayédèrú pọ̀. Bí ẹ bá dé ọjà Àràrómi ní Agodi Gate, ẹ yí páàdì náà, ẹ wo etí àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n tẹ lẹ́tà méjì sí. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe ń di nǹkan mú nígbà tí kò gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. E kéré sí F, F kéré sí G. FF tó fún iṣẹ́ Micra. EE kò tẹ́ mi lọ́rùn fún ọkọ̀ èrò ní ìlú olókè. Bí ẹ bá rí E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí 90R sì wà níbẹ̀, òfin Yúróòpù ni wọ́n fi dán an wò, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti páàdì tó bá ọkọ̀ wá. Lóòótọ́, ẹni tó lè ṣe ayédèrú páàdì lè tẹ ayédèrú lẹ́tà. Nítorí náà, ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ rìsíìtì fún yín, tí ẹ ó sì bá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹ bá padà lọ́la.

Àwọn kan á ní tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium, dára ju tuntun lọ. Wọn kò parọ́ tán. Páàdì gidi tó ti jẹ dé ìdajì lè dára ju ayédèrú tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti kán sí i nínú kọ̀ǹténà? Mo lè gba irin tòkunbọ̀ tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n níwájú mi. N kò ní gba rọ́bà tòkunbọ̀ láé.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1999. Aṣọ tó tutù ni kí ẹ fi nù ún.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí irin. Ohun tó mú mi gbé kálàmù nìyí: dẹ́rẹ́bà Micra mọ púpọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Kí ló dé tí kò fi ṣe é? Nítorí pé ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní láti já owó délífírì fún ọlọ́kọ̀, bí òjò rọ̀, bí òjò kò rọ̀. Ọjọ́ tó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, délífírì ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ní bíréèkì ń dún, wọ́n á ní kí ó máa lò ó ná. Òun náà á wá lọ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, nítorí àpò ara rẹ̀ ló fi ń rà á. Bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá mú un, òun ni yóò san owó ìtanràn. Láti 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ pẹ̀lú Wole Soyinka, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Ó tó ọdún púpọ̀ tí a ti ń mú dẹ́rẹ́bà. Ìgbà wo la ó mú ọlọ́kọ̀?

Ta wá ni ọlọ́kọ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Mélòó nínú wa ló ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-iṣẹ́, tó fi ra Micra, tó gbé e fún ọmọ aládùúgbò pé kí ó máa já owó wá? N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Owó oṣù kò tó. Ṣùgbọ́n nínú ilé-iṣẹ́, a ń di Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 mú, à ń sọ fún màníjà pé òun ló gbọ́dọ̀ pèsè bàtà àti ìbọ̀wọ́, pé òun ló gbọ́dọ̀ fi ìbòjú sára ẹ̀rọ. A kì í gbà kí ó yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wa. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí iṣẹ́ dúró, a kì í gbà kí ó ní kí òṣìṣẹ́ san owó ọjọ́ náà. Nígbà tí a bá wá dé ẹ̀yìn géètì, tí àwa náà di ọ̀gá fún ẹnì kan ṣoṣo, a di irú màníjà tí à ń bá jà. Mo bá ẹnì kan nínú wa sọ ọ́. Ó ní, “Aṣojú, Micra kì í ṣe ilé-iṣẹ́.” Mo ní kí ó bi dẹ́rẹ́bà rẹ̀ léèrè.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní Micra gbà pé táyà, páàdì, ṣúù àti ọ́ìlì bíréèkì wà lọ́rùn òun, kì í ṣe lọ́rùn dẹ́rẹ́bà. Kí ó má gba délífírì ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí bíréèkì. Kí dẹ́rẹ́bà ní tirẹ̀ mú rìsíìtì àti páàdì àtijọ́ wá fún ọlọ́kọ̀, kí ó yé pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, kí ó sì tètè sọ̀rọ̀ bí pẹ́dáàlì bá ti ń jìn. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi í sínú ìwé pé ẹni tó bá yáwó ra ọkọ̀ èrò yóò ya owó bíréèkì sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ náà tó kúrò nílẹ̀. Bóyá àwọn kan á ní èrè á dín kù. Yóò dín kù. Èrò mẹ́fà náà ni ọmọ tiwọn nílé.

Èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀. Kí gbogbo ẹni tó ní Micra mú páàdì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn dání wá, kí a tò wọ́n sórí tábìlì, kí a jọ wo bí ó ṣe fẹ́lẹ́ tó kí wọ́n tó yọ ọ́.